Ìpàdé Mọ́kànlá Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lọ

Ìpàdé mọ́kànlá láàárín ọdún kan, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ pé, ẹnìkan ò pẹ́ dé. Ohun tó kọ Ìyá Fáìlì lóminú nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ olùdámọ̀ràn mọ́kàndínlógún ni ìjọba ìlú ní, òun ni wọ́n sì ní kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe, ṣé wọ́n wúlò? Ó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú tó bá di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ sì ti sú u. Ti igi ojú títì ṣèpàdé lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n jà lórí ẹni tó máa ṣe alága, ó parí. Ti ariwo ìlú ò ku ju ẹnì kan lọ, etí ẹni ọ̀hún sì ti di. Ìgbìmọ̀ ààbò ilé nìkan ni iṣẹ́ ò sú.

Ìpàdé wọn kọkànlá ló dámọ̀ràn pé kí wọ́n wó ilé mẹ́fà lẹ́yìn ibùdókọ̀, pé ògiri wọn ti lanu. Ọjọ́ Ẹtì ni katapílà ń bọ̀, ọjọ́ Ajé sì nìyí. Káfíńtà kan tó ni ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ti ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Màmá, ẹ kàn wá fọwọ́ kan ògiri mi," ló ń wí ṣáá.

Ó lọ, ó fọwọ́ kàn án. Ògiri náà le ju eegun òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìyàwó káfíńtà ti ń di ẹrù, kò sì síbi tí wọ́n fẹ́ kó o lọ. Àánú wọn ṣe é gan-an.

Ló bá padà sórí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Gbólóhùn kan náà ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn: "Bàbá Olùkọ́ ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀." Ó wá Bàbá Olùkọ́, àgbà ìgbìmọ̀ náà, lọ sílé. Arúgbó náà ṣílẹ̀kùn fún un, ó wé aṣọ funfun mọ́rùn, ó sì na sílétì kan sí i. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́fun ní èṣí. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbàdúrà nípàdé mọ́kànlá lọ́dún yìí, Bàbá."

Bàbá rẹ́rìn-ín láìsí ohùn. Ó nu sílétì, ó kọ: "Wọn ò pè mí sípàdé kankan látìgbà náà."

Inú bí Ìyá Fáìlì débi pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìwé àkọsílẹ̀ ti pòórá lórí tábìlì rẹ̀. Ó lọ bá akọ̀wé ìgbìmọ̀, ọkùnrin ọlọ́yàyà tó mọ orúkọ ọmọ gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì.

"Ìwé dà?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, Màmá. Mo ti gbé e fún adìwé ìsàlẹ̀ títì."

"Ta ló ní kó o gbé e?"

"Ẹ sinmi, Màmá. Ó ku oṣù mẹ́ta péré. Ẹni tó fẹ́ kúrò nílé kì í da ilé rú."

Ìyá Fáìlì jáde. Ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Adìwé ní òun ò rí ìwé kankan. Kí wọ́n tó padà dé, akọ̀wé ti ní orí ń fọ́ òun, ó ti lọ sílé. Wọ́n délé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ní ó lọ kí ẹ̀gbọ́n òun, kọngílá tó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn ibùdókọ̀. Wọ́n dọ́dọ̀ kọngílá, mọ́tò akọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde ni. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a káàkiri.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tó rí i mú. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló ti ránṣẹ́ pé kí katapílà wá ṣáájú ọjọ́, ọkọ̀ gbọọrọ tó gbé e wá sì dábùú títì, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ náà gan-an ni akọ̀wé, tó wá wo bí wọ́n ṣe máa wólé, há sí nínú mọ́tò rẹ̀, níwájú ilé káfíńtà, ìwé àkọsílẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ló gbàdúrà nípàdé?" ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bi í.

"Bàbá Olùkọ́."

"Ṣé ó gbà á sókè?"

"Ó gbà á sókè dáadáa. Àdúrà rẹ̀ a tiẹ̀ máa gùn."

Ìyá Fáìlì ṣílẹ̀kùn. Bàbá Olùkọ́ wọlé, aṣọ funfun lọ́rùn, sílétì lọ́wọ́. Akọ̀wé wo ọrùn, ó wo sílétì, ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀.

"Àgbà ló máa ń gbàdúrà," ló wí nígbẹ̀yìn. "Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ látilẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́. Kò sípàdé kankan. Èmi ni mò ń buwọ́ lùwé fún gbogbo wọn. Àna mi ló fẹ́ ilẹ̀ náà." Ó wojú Ìyá Fáìlì. "Màmá, ta ló ń kà á? Ọ̀gá gan-an kàn lu òǹtẹ̀ ni."

Irọ́ kọ́ ló pa, ìyẹn ló sì dun ìyá náà jù. Wọ́n ti akọ̀wé àti àna rẹ̀ mọ́lé.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ ààbò ilé ṣèpàdé gidi láti fagi lé àmọ̀ràn náà. Ẹni méjì pẹ́ dé. Káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní kí àgbà gbàdúrà. Bàbá Olùkọ́ dìde, ó dijú, ètè rẹ̀ ń mì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan kan. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó lajú, káfíńtà ló kọ́kọ́ ṣe àmín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìyá Fáìlì fa ìwé àkọsílẹ̀ sọ́dọ̀, ó rọra kọ ọ́: "Bàbá Olùkọ́ ló gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀."