Abọ́ Aláìsàn

Adúmáadán ń fọ ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò sí lára ìkòkò. Ojú fèrèsé yàrá ló ń wò. Ìyá rẹ̀ jókòó ti Eyínfúnjowó, àbúrò rẹ̀ tí ibà dá dùbúlẹ̀, ó ń yọ eegun kúrò lára ẹran adìẹ, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí kí ó tó fi í sí ọmọ lẹ́nu.

Ìrẹsì rírọ̀ tí wọ́n fi omi adìẹ sè ni. Nínú ilé yẹn, aláìsàn nìkan ló ń jẹ ẹ́, ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fún un jẹ. Aránṣọ ni ìyá wọn, ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ àfi tí ara ọmọ bá gbóná. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí orí ń fọ́ Adúmáadán, ohun tó gbọ́ kò ju, "Mu omi kí o lọ sùn, ìwọ ti dàgbà." Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn ún. Ó ń jowú àbúrò rẹ̀ débi pé ẹkún ń gbọ̀n ọ́n.

"Eléyìí ń ṣàìsàn bí ẹni ń ṣọdún," ó ń kùn sínú.

Oníbàárà kan tó fẹ́ wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wò kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Ìyá wọn pe Adúmáadán wọlé, ó sì gbé abọ́ lé e lọ́wọ́.

"Bá mi fún un jẹ. Rí i pé ó jẹun dáadáa o, oògùn tó fẹ́ lò yìí le, wọn kì í lò ó láìjẹun."

Eyínfúnjowó gbé ṣíbí kan mì, ó ní ó rẹ òun, ó sì kọjú sí ògiri. Adúmáadán ní kí òun tọ́ ìrẹsì náà wò. Atalẹ̀ ń ta sánsán nínú rẹ̀, ẹran náà rọ̀. Ó tún bù sí i. Kí ó tó mọ̀, ṣíbí ti ń ha ìsàlẹ̀ abọ́.

"Ó jẹ ẹ́ tán?" ìyá wọn béèrè bó ṣe padà wọlé. "Ọmọ dáadáa."

Eyínfúnjowó la ojú. Ó rí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń dán fún ọ̀rá, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún pa á dé. Adúmáadán yára fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ìyá wọn fún ọmọ ní oògùn.

Kò pẹ́ tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Eyínfúnjowó. Ó ká jọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kérora, ó sì bì. Ìyá wọn rò pé oògùn ló bì jáde, ló bá tún tẹ òmíràn sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ó máa tún un lò ni. Ó ṣáà ti jẹun."

Adúmáadán di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. "Màámi, ẹ má fún un. Kò jẹun. Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Ìyá wọn wò ó títí. Kò nà án, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà á. Ó pe apòògùn lórí fóònù. Ìyẹn ní kò gbọdọ̀ lo òmíràn, kí wọ́n fún un ní omi ṣúgà lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì máa jẹun díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Rárá, mà. Ó wù mí kí ẹ máa tọ́jú èmi náà bẹ́ẹ̀."

"O ò ṣe sọ fún mi? O fẹ́ fi ìlara pa àbúrò rẹ lára." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Dídàgbà kò ní kí orí má fọ́ èèyàn. Lọ gbé ìkòkò kaná. Ìwọ lo máa sè é."

Adúmáadán sè é, ó yọ eegun, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ṣíbí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún Màámi?" ó béèrè kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wọ́n á nà yín," Eyínfúnjowó dáhùn.

Ojú ti Adúmáadán ju kí wọ́n nà án lọ. Ọmọ tí òun ń jowú rẹ̀ ti fara gbá ìrora nítorí òun. Ó yé e pé ẹnu ló yẹ kí òun fi béèrè ìfẹ́ lọ́wọ́ ìyá òun, pé kò sí ohun tó kan òun pẹ̀lú oúnjẹ àbúrò òun. Ó bu ṣíbí mìíràn, ó fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó tó gbé e sún mọ́ ẹnu àbúrò rẹ̀.