Ààrò Ìdàrọ́ Nílé Alhaja Bùsírátù

Eérú funfun bo Usamah láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́jọ́ tí Haleemah kọ́kọ́ rí i, eyín nìkan ló hàn. Eyín náà sì dáa, ká má parọ́. Ilé iṣẹ́ kékeré kan lọ́nà Ewékorò ni, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ alumíníọ́mù àlòkù láti fi rọ ìkòkò tuntun. Haleemah wá ra ìkòkò ńlá tí ìyá rẹ̀ yóò máa fi yọ́ àbẹ́là tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ.

Ó ń yan ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tó rí i tí Usamah gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ààrò kan tí iná ń jó lala nínú rẹ̀.

"Ẹ gbọ́, ṣé ọwọ́ yín ò jóná ni?"

"Ẹ wá fọwọ́ kàn án."

Haleemah fi ìka kan kàn án. Ó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

"Ìdàrọ́ la fi mọ ọ́n," ni Usamah wí. "Bí alumíníọ́mù bá yọ́, ìdàrọ́ á léfòó sójú rẹ̀, a ó gbọ́n ọn dànù. Mo pò ó mọ́ amọ̀, mo sun ún ní bíríkì. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ooru jáde."

"Ẹ mọ àlàyé ṣe o. Ìyàwó yín á máa gbádùn."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí i ná."

Ẹ̀rín ni Haleemah ń rín dé ilé wọn ní Ìjemọ̀, àmọ́ bó ṣe wọlé ni ẹ̀rín náà tán. Ìyá rẹ̀, Alhaja Bùsírátù, tún wà nídìí iná, ojú rẹ̀ pọ́n, òógùn bò ó. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé ooru kò bá ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ mu, kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, àdìrẹ ló fi tọ́ ọmọ, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn tó o.

Ìdí nìyí tí Haleemah fi padà sọ́nà Ewékorò, ó lọ béèrè irú ààrò yẹn fún ìyá rẹ̀. Eyín yẹn náà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ààrò di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Usamah ń pè é ní Àdùkẹ́, òun náà ń pè é ní Onídàrọ́ mi. Nígbà tó yá, Usamah ní òun yóò kọ́ ààrò fún Alhaja kí àwọn òbí òun tó wá tọrọ ọmọ.

Ìkánjú bá a. Gbogbo wọn níbi iṣẹ́ ló mọ̀ pé ìdàrọ́ kò fẹ́ omi, abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń kó o sí. Usamah rò pé iná tí òun fi sun ún ti tó. Ó gbàgbé pé ilé aláró kì í gbẹ.

Ọjọ́ kejì tí wọ́n dáná, omi aró tó ní sóòdà dànù sídìí ààrò. Bíríkì bẹ̀rẹ̀ sí í hó yaya, ó gbóná janjan, òórùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́ gba gbogbo àgbàlá. Ààrò là, ó wó, àbẹ́là sì dà sórí aṣọ àwọn oníbàárà.

"Irú ààrò wo lo kọ́ sílé mi yìí?" Alhaja figbe ta.

Usamah ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, mà. Mo kánjú ni. Ẹ má bínú."

"Dìde, máa lọ. Haleemah, ọ̀rọ̀ òun àti ìwọ ti parí."

Haleemah sunkún títí ojú rẹ̀ wú. Usamah ní tirẹ̀ lọ rẹ ìdàrọ́ sínú àgbá omi níta gbangba, jìnnà sí iná. Ó ń pààrọ̀ omi náà títí kò fi hó mọ́, tí kò rùn mọ́. Ó sá a gbẹ, ó pò ó mọ́ amọ̀, ó sun ún títí ó fi pọ́n. Haleemah náà ò yéé bẹ ìyá rẹ̀, títí Alhaja fi ní kí Usamah wá kọ́ òmíràn, kí àwọn rí i.

Nígbà tó kọ́ ọ tán, Alhaja fúnra rẹ̀ bu omi aró tó ní sóòdà, ó dà á lé e lórí. Wọ́n dúró. Kò hó, kò rùn. Alhaja ní kí wọ́n dáná. Ó jókòó tì í, ó ń fi àbẹ́là tẹ aṣọ títí di ìrọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ kò pọ́n, orí kò fọ́ ọ. Ó wá gbé ọwọ́ lé ara ààrò, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Usamah, wọ́n ti ní kí n fi iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Ìwọ lo dá a padà fún mi. O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á ṣe tìẹ fún ọ. Sọ fáwọn òbí ẹ pé à ń retí wọn."

Usamah dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Haleemah sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Màámi ti gbà," ni Usamah wí. "Ìwọ náà ńkọ́, Àdùkẹ́?"

"Èmi ti gbà látọjọ́ tó o kúnlẹ̀ gba ẹ̀bi ẹ."

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì wọn. Aṣọ tí ìyàwó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Alhaja Bùsírátù ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.