Apá Keje Oníbodè

Lọ́jọ́ tí Oníbodè, ẹ̀rọ tó ń gba owó ibodè, kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Òkè Ìgbéra, ó kán awakọ̀ kan lápá kí ó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà na ọwọ́ síta láti fi ìwé ẹrù rẹ̀ hàn, ẹ̀rọ náà sì rò pé ọwọ́ ọ̀hún wà lára ẹrù. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní àṣìṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ ni, pé àwọn yóò tún un ṣe.

Irin ni Oníbodè látòkè délẹ̀. Ó ya ẹsẹ̀ sí ojú títì kan ṣoṣo tó lọ sí pápá tí àwọn ọkọ̀-asánmà ti ń gbéra lọ sí Òṣùpá. Apá méjìlá ló ní. Imú rẹ̀ ń gbóòórùn ohun tó wà nínú àpò tí a rán lẹ́nu pa. Bí ẹrù bá dé iwájú rẹ̀ láìsan owó ibodè, yóò gbá a mú, yóò sì fún un títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú, kí ó má baà wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìjà katakata ló bí i. Àwọn èèyàn wa tó tẹ̀dó sí Òṣùpá láti ìran mẹ́ta sẹ́yìn ń rọ katakata tó dínwó ju tilé lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ katakata Ìsẹ́yìn bẹ ìjọba, ìjọba sì gbé owó ibodè gọbọi lé ti Òṣùpá. Àwọn ará Òṣùpá náà ò dákẹ́. Wọ́n gbé tiwọn lé kajú Òkè-Ògùn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba méjèèjì fẹnu kò pé kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo máa gba owó àlọ àti àbọ̀.

Wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ ni Ìbídùn ní ilé-iṣẹ́ Ìsẹ́yìn yìí. Ó rò pé owó ibodè yóò gba òun, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí kò rí kajú tà, kí ni yóò fi ra katakata? Nínú igba òṣìṣẹ́, ọgọ́ta ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí ìjọba wá ní kí wọ́n rọ apá irin méjìlá, tí wọ́n ní ẹ̀rọ ìkẹ́rù ni, inú gbogbo wọn dùn. Ìbídùn ló jó ìgúnpá méjèèjìlá pọ̀, ó jó wọn dáadáa. Kò bèèrè ìbéèrè. Ta ló ń bi oúnjẹ níbi tó ti ń bọ̀ nígbà tí ebi ń pa á?

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Òjédìran, ní oko kajú lẹ́bàá Ṣakí. Ó wá bá a ní Ìsẹ́yìn, kò sì gba omi tó fún un.

"Ìbídùn, ṣé o fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kọ sí ìjọba?"

"Gbogbo wa la fọwọ́ sí i, bọ̀dá. Katakata Òṣùpá fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa."

"Ó dáa. Tiwa ló wá lọ yìí."

"Ẹ ní sùúrù. Wọ́n ní wọ́n á tó yanjú ẹ̀."

"Kòkòrò tó wà nínú kajú mi kò ní sùúrù." Ó dìde, ó sì lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, apá keje Oníbodè ń há. Wọ́n rán Ìbídùn lọ tún un ṣe. Ọwọ́ òwúrọ̀ ni. Ó ti fi gíríìsì sí i tán, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, nígbà tó rí àwọn àgbẹ̀ tó ń gun òkè bọ̀. Wọ́n tó ogójì, àpò kajú wà lórí oníkálukú. Baba Lágbàyí, olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ló ṣáájú. Òjédìran tẹ̀ lé e.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Tẹ̀là, ẹni tó ṣe ọpọlọ Oníbodè, sáré lọ pàdé wọn.

"Baba, ẹ dá àwọn èèyàn yín padà. Òfin ni ẹ̀rọ yìí ń tẹ̀ lé."

"Aṣọ́bodè àtijọ́ náà ń tẹ̀ lé òfin," ni Baba Lágbàyí wí, "ṣùgbọ́n ó máa ń wojú èèyàn. Èyí lójú ni?"

"Kò nílò ojú, Baba. Ojú ló ń mú ojúsàájú wá."

"Ó dáa. Ìwé yín ní kí ọkọ̀ ẹrù sanwó. Kò dárúkọ orí. Orí la máa fi rù ú kọjá lónìí."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n yí padà. "Baba, mo bẹ̀ yín. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹrù àti ẹni tó rù ú. A ò tíì tún ìyẹn ṣe."

Ṣùgbọ́n Òjédìran ti kọjá wọn.

Apá keje sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, gíríìsì tuntun ń dán lára rẹ̀. Ó gbá Òjédìran mú láyà tòun tàpò. Àpò bẹ́, kajú tú dànù sí títì, síbẹ̀ kò jù ú sílẹ̀, nítorí òórùn kajú ti wọ aṣọ àti awọ rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ yọ àdá, wọ́n ń ṣá irin. Apá kẹta gbá Baba Lágbàyí mọ́lẹ̀; kò dìde mọ́. Apá kẹsàn-án gbé ọkùnrin méjì lẹ́ẹ̀kan, ó fún wọn pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ bo kajú. Àwọn tó kù rọ́ lu Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń fi òkúta lù ú lójú.

Ìbídùn já wọ àárín wọn, ó fa Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́rùn aṣọ. "Ẹ pa ẹ̀rọ yìí! Níbo lẹ ti ń pa á?"

"Kò síbẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, eyín ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "A ò ṣe ibi ìpa sí i. Kí ẹnikẹ́ni má baà gba rìbá pa á."

Ìbídùn gbé iná ìgérin rẹ̀, ó gun apá keje. Ó mọ ibi tí yóò gé. Òun ló jó o. Ojú ìjó náà lẹ̀ típẹ́típẹ́, kò síbi tó fẹ́lẹ́, kò síbi tó lu. Òjédìran ń wò ó láti ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń pe orúkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì. Ìbídùn gbọ́ bí egungun ìhà rẹ̀ ti ń ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gé, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó, ó ń gé. Nígbà tí ìgúnpá náà já, tí àwọn méjèèjì jọ balẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú.

Èèyàn mọ́kànlá ló kú lọ́jọ́ náà. Ìròyìn dé Òṣùpá, ojú ti ìjọba méjèèjì, wọ́n tú Oníbodè palẹ̀, wọ́n sì fagi lé owó ibodè pátápátá. Kò pé oṣù kan tí kajú tún fi lọ́jà. Kò pé oṣù méjì tí katakata Òṣùpá fi kún ìgboro, tí ilé-iṣẹ́ Ìsẹ́yìn sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà náà ni Ìbídùn lọ sí Ṣakí.

Ìyàwó Òjédìran, Ayọ̀ká, wà nínú oko, ó ń ṣa kajú. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ti í kí ọmọ ilé ọkọ.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jó irin yẹn, ọkọ mi."

"Èmi ni."

"Wọ́n ní bí ẹ bá jó o ní jákujàku ni, ì bá tètè já."

Ìbídùn wo àpá iná lọ́wọ́ ara rẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ì bá wà láàyè."

Ayọ̀ká bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún ń ṣa kajú lọ. Ìbídùn dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ń ṣà. Àwọn ará abúlé tó wà nítòsí kó apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n lọ sí ìdí igi mìíràn. Àwọn méjèèjì ń ṣà títí oòrùn fi yí wálẹ̀. Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ Ìbídùn kún, tí ọwọ́ rẹ̀ tó jóná kò lè gbé e, Ayọ̀ká wá, ó di etí apẹ̀rẹ̀ náà mú, ó bá a gbé e rù.