Ẹní Tí A Fi Bo Ẹsẹ̀ Tuiloma

Omi wà lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Tuiloma, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀. Mo fi àkísà nù ún. Kí n tó fún àkísà náà tán, àga ti tún tutù, ó sì ń rùn bí òkun àti òróró àgbọn tó ti pẹ́.

N kò fẹ́ràn ohun tí mo rí yìí rárá. Aláìsàn méjì ti kú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí àwọn dókítà tó ń ti Niu Silandi wá sí Apia, ìlú wa ní erékùṣù, ti tún ọkàn wọn ṣe dáadáa. Iṣan itan ni wọ́n máa ń gbà dé inú ọkàn. Bí aláìsàn bá ká ẹsẹ̀ kí ojú ibi tí wọ́n gún tó dì, ẹ̀jẹ̀ á tú jáde. Iṣẹ́ àwa nọ́ọ̀sì ni kí ẹsẹ̀ ṣáà nà gbọọrọ, kí ojú wa má sì kúrò lára ọgbẹ́ náà. A bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ká ẹsẹ̀ mọ́ra, bí ọmọ tó jókòó níwájú àgbà. A ní olóríkunkun ni wọ́n.

Tuiloma, tí wọ́n tún ọkàn tiẹ̀ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe olóríkunkun. Apẹja ni, ọmọbìnrin rẹ̀ kò tíì rìn, ó sì ti búra fún Sieni ìyàwó rẹ̀ pé ìrìn ọmọ náà máa ṣojú òun.

"Nọ́ọ̀sì Lupe, mi ò ní mira o. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kàn mí mọ́ bẹ́ẹ̀dì."

"Ẹnu rẹ kì í sinmi, báwo ni ẹsẹ̀ rẹ ṣe fẹ́ sinmi?" mo dá a lóhùn.

Òjò ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ sì ń gbéra sókè. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Bàbá yẹn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n jókòó síwájú mi, mo wá na àtẹ́lẹsẹ̀ sí wọn lójú. Wọ́n ń wò mí, Nọ́ọ̀sì. Ojú ń tì mí."

Àga náà ṣófo. Omi ń kán lára rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Orúnkún Tuiloma ń gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ mi. Ara tí wọ́n ti kọ́ láti kékeré kò gbọ́ ti dókítà. Lọ́dọ̀ tiwa, bí o kò bá lè ká ẹsẹ̀ níwájú àgbà, ẹní ni wàá fi bò ó, ọ̀wọ̀ sì pé. Mo ké sí Sieni tó jókòó níta, ó gbé ẹní tí wọ́n mú wá láti ilé wá. Mo fi bò ó láti ìbàdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àga tó ṣófo.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ má bínú. Kò lè ká ẹsẹ̀ ni."

Tuiloma mí kanlẹ̀. Orúnkún rẹ̀ rọ̀.

"Wọ́n mi orí," ó ní. "Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

Inú mi dùn débi pé omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Mo jókòó tì í, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Kò mira. Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì rò pé oorun ni. Ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ tutù nínú tèmi ni mo ṣí ẹní.

Ẹ̀jẹ̀ ti rin gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí orúnkún rẹ̀ gbéra ni ojú ọgbẹ́ ti là, ẹní sì bo ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ mi lójú. Mo fi gbogbo ara tẹ ojú ọgbẹ́ náà, mo ń pariwo títí àwọn dókítà fi sáré dé, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ń yọ̀, mi ò ríran. Ẹní yẹn náà ni Sieni fi wé ọkọ rẹ̀ gbé lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ́ kí ohunkóhun bo ojú ọgbẹ́. Lánàá, obìnrin olùkọ́ kan ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Àga tún tutù. Mo rí orúnkún rẹ̀ tó ń gbéra, mo sáré tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo ní kó má wo bàbá yẹn.

"Bàbá nìkan kọ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, ẹní bò ó. Ó ní kí n bi yín, Nọ́ọ̀sì Lupe: ọmọ òun ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn?"