Ojú-Ewé Tí Oníbàtà Lẹ̀ Pọ̀

"Àǹtí, kí ló dé tí àwọn ọmọ inú ìwé yín kì í jáde nílé?"

Ohun tí ọmọbìnrin kékeré kan fi wọlé nìyẹn. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó kàn gbé àgbọ̀n lé etí tábìlì obìnrin tó ń tún ìwé ṣe ní ilé ìkàwé, ó ń retí èsì. Baba rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e wọlé, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Kí wọn ná," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú. Ẹnu ọmọ yìí ló máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Kìíjókòó ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Bó bá rán ẹ̀yìn ìwé kan tán, á dìde lọ yọjú ní fèrèsé. Bó bá padà, á tún dìde lọ wò bóyá ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, tọ̀sán-tòru ni àgádágodo ń wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú fèrèsé ló sì ti ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń ṣeré. Ó ti pinnu pé ọkùnrin tó bá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn, òun ò ní fẹ́ ẹ láé. Ó ti kọ ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ nítorí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní ó ku kí àwọn lọ bẹ atẹ́gùn kó wá fẹ́ ẹ.

"Wọ́n ń jáde," ó dá ọmọ náà lóhùn. "Àwọn ọmọ inú ìtàn àtijọ́ kẹ̀? Ibo lẹsẹ̀ wọn kì í dé?"

"Rárá o. Wọ́n á dé ẹnu ọ̀nà báyìí, tí mo bá ṣí ewé kejì, wọ́n ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

Baba wúkọ́. Ó ní ilẹ̀ ti ń ṣú, bẹ́ẹ̀ oòrùn ṣì ń ràn yòò níta. Ṣùgbọ́n ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ Kìíjókòó.

"Okùn sálúbàtà yín máa tó já. Ẹ gbé e wá, ṣọ́ọ̀bù mi ò ju òdìkejì ìkòríta yẹn lọ. Ẹ máa ń rìn púpọ̀."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gìgísẹ̀ bàtà kì í purọ́, mà."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oníbàtà tún sálúbàtà náà ṣe, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà tí kò já, Kìíjókòó á fọwọ́ ara rẹ̀ já a kó lè rí nǹkan gbé lọ. Ó fẹ́ràn ọwọ́ ọkùnrin náà, ó fẹ́ràn òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù tó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn jù ni bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ológoṣẹ́ ló ń pè é. Kì í nà án, kì í jágbe mọ́ ọn. Bí ọmọ bá da ìṣó sílẹ̀, tọmọ-tòbí á kúnlẹ̀ ṣà á, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ń kọ Kìíjókòó lóminú. Ológoṣẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ kì í dá kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó béèrè ìdí.

"Ìyá ẹ̀ jáde lọ ra òwú fún mi," Oníbàtà ní. "Ní ìkòríta yẹn, ọkọ̀ kan ò jẹ́ kó padà wálé." Ó mú òòlù, ó tún gbé e sílẹ̀. "Olólùfẹ́ mi, fẹ́ mi. Tí ìwọ náà bá wà nílé, ọkàn mi á balẹ̀."

Ọkàn tirẹ̀ kò balẹ̀. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an, ṣùgbọ́n ó ní kó jẹ́ kí òun rò ó. Ìyá Oníbàtà ní tiẹ̀ kò rò ó rárá. "Obìnrin tí kò lè jókòó," ó ní, "báwo ló ṣe máa jókòó ti ọmọ? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà o."

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n kó àwọn ìwé ìtàn ọmọdé tó ti gbó wá sórí tábìlì Kìíjókòó. Ó ṣí àkọ́kọ́, ewé méjì lẹ̀ mọ́ra gbagidi láàárín. Ó ṣí èkejì, bákan náà. Ó gbé ẹ̀kẹta sí imú, ara rẹ̀ bù máṣọ. Gọ́ọ̀mù bàtà ni, irú èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ sálúbàtà tó wọ̀ sẹ́sẹ̀ gan-an.

Ó gbé ewé náà sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọ̀rọ̀ kà. Ọmọ inú ìtàn ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde. Ó gun òkè, ó wọ ẹrẹ̀ odò, ìrọ̀lẹ́ ló padà délé pẹ̀lú bàtà ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, kò wá ẹgba. Ó gbé omi ìwẹ̀ kaná, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó ní, "Kí lo rí?"

Omijé dá Kìíjókòó dúró níbẹ̀. Láyé rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí. Ó kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó gba ṣọ́ọ̀bù lọ, ó jù wọ́n sórí tábìlì.

"Ìwọ lo lẹ ìwé pọ̀!"

Oníbàtà kò jiyàn. "Ọmọ mi ni."

"Ìwé gbogbo ọmọ ni!"

"Wọ́n ń kọ́ ọ pé kó jáde. Wọn ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹlòmíì jáde, kò padà."

"Òótọ́ ni, o ò nà án. Ṣùgbọ́n o ti lẹ òun náà mọ́lẹ̀."

"O ò bímọ rí," Oníbàtà ní. "O ò lè mọ̀."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Ojú Oníbàtà fi hàn pé ó ń wá bí òun ṣe máa kó o, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ológoṣẹ́ tó jókòó sábẹ́ tábìlì wo baba rẹ̀, ó wo àǹtí rẹ̀. Kìíjókòó yí ẹ̀yìn padà, ó jáde.

Àtìgbà náà ni kò ti jókòó, kò dúró. Bó ṣe ń rìn ló ń rán ìwé, ó ń tú u, ó ń tún un rán. Nílé, á gbé ìkòkò kaná, á jáde lọ síta, á gbàgbé. Bàtà já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lóòótọ́ lọ́jọ́ kan, ó fẹsẹ̀ lásán rìn délé kó má baà kọjá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àárò baba ń sọ ọ́, àárò ọmọ ń sọ ọ́, kò sì mọ èyí tó ń dùn ún jù.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá bá a ni Ìyá Oníbàtà. Màmá náà wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Èmi ni mo ní kó má fẹ́ ọ." Ó jókòó. "Ọmọ-ọmọ mi ò bi wá ní ìbéèrè mọ́. Ó ń gbénú ilé bí àlejò. Ìtàn tí ẹ ń torí ẹ̀ jà yẹn, sọ ọ́ fún mi."

Kìíjókòó kò nílò ìwé. Ó sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà títí dé orí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó dé ibi "Kí lo rí?", màmá gbé ojú sílẹ̀.

"Ọmọ mi náà máa ń pẹ́ níta ní kékeré," ó ní. "Èmi, pàṣán ni mo fi ń bi í pé kí ló rí. Ó wá búra pé òun ò ní na ọmọ tòun. Kò sì nà án. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Tọmọ mi, ọwọ́ méjèèjì ló fi fún ọmọ mọ́ra, ọmọ ò rí àyè mí." Ó dìde, ó wo ẹsẹ̀ lásán Kìíjókòó. "Màá bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ náà, máa wọ bàtà."

Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Oníbàtà fúnra rẹ̀ yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé mẹ́ta lọ́wọ́. Òógùn bò ó. Ó ti fi ooru omi gbígbóná la àwọn ewé náà, wọ́n ti ya níbì kan, wọ́n ti hunjọ níbòmíràn.

"Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ti bá gọ́ọ̀mù lọ," ó ní. "O máa bá mi kọ wọ́n padà. Èyí tí mo sọ sí ọ lọ́jọ́ yẹn ni mi ò mọ ooru tí mo lè fi là á. Dárí jì mí, ayọ̀ mi."

Kìíjókòó gba àwọn ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ológoṣẹ́ dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Pẹ̀lú ta?"

Oníbàtà bojú wo ẹ̀yìn. "Òun nìkan. Láràárọ̀ la jọ ń sọdá ìkòríta yẹn, mo ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ọ̀tún, wo òsì. Àná, òun ló mú mi sọdá. Mo ní kó wá bá mi níbí lónìí."

Wọ́n dúró. Oníbàtà lọ sójú fèrèsé, ó bọ̀, ó tún lọ. Fèrèsé kò kọjú sí ìkòríta. Ọkọ̀ kan fọn fèrè lọ́nà jíjìn, Oníbàtà dì mọ́ etí tábìlì. "Jẹ́ kí n lọ wò ó."

"Jókòó," Kìíjókòó ní.

"Ìwọ lò ń sọ fún èèyàn pé kó jókòó?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Kìíjókòó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ó sì mọ̀ nísinsìnyí ohun tí ọkùnrin yìí ti ń gbé kiri láti ọjọ́ yìí wá. Ó fẹ́ sáré jáde ju Oníbàtà lọ. Kò lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ológoṣẹ́ wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ó dúró, ó ń wo ojú baba rẹ̀.

Ẹnu ọkùnrin náà ṣí, ó pa dé, ó tún ṣí.

"Kí," ó ní. "Kí lo rí?"

Ojú ọmọ náà là.

"Mo gbà," Kìíjókòó sọ sí Oníbàtà létí. "Màá fẹ́ ọ."

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má sọ̀rọ̀," Ológoṣẹ́ ní. Ó fa àga méjì jáde. "Ẹ jókòó o, ó pọ̀."

Kìíjókòó jókòó.