Ọmọ Ẹdun Abẹ́ Ìgò

Ẹ̀rọ apọnmọ kò bàjẹ́. Ohun tó ń dẹ́rù ba Ọ̀mọ̀wé Fadérera gan-an nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà gbóná bó ṣe yẹ, ọ̀já rẹ̀ di ọmọ mú, ọmú rọ́bà tó gba èjìká rẹ̀ kọjá sì kún fún wàrà. Síbẹ̀, ọmọ ẹdun tó pọ̀n kò tíì mu ẹ̀kán kan láti àná.

Láyé ìgbà náà, kò sí igbó mọ́ ní ilẹ̀ káàárọ̀-o-ò-jíire, àfi ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ìgò ńlá bò. Ẹdun mọ́kànlá ló ń gbé inú rẹ̀, akọ sì ni gbogbo wọn. Igi ló wó pa abo tó kẹ́yìn lánàá. Ọmọ jòjòló tó fi sílẹ̀ jẹ́ abo. Bí ọmọ yìí bá kú, ìran ẹdun parí.

Fadérera wọ aṣọ apòórùn láti orí dé ẹsẹ̀. Òfin ni pé ọmọ ẹdun kò gbọdọ̀ gbóòórùn ènìyàn, torí èyí tó bá fi ènìyàn ṣe ìyá kò ní lè padà sáàárín àwọn ará rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà. Torí rẹ̀ ló ṣe fi ọdún mẹ́fà ṣe apọnmọ.

"Èémí rẹ̀ ń dín kù," ni ẹ̀rọ wí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Ó ku bíi wákàtí kan."

Màmá Àwẹ̀ró, arúgbó tó ń gbálẹ̀ ní yàrá ìwádìí ẹ̀gbẹ́ igbó náà, fi ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Ọ̀mọ̀wé, ta ló ní kí ẹ pọ̀n ọ́n?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ronú."

"Inú igbó yìí ni oko bàbá mi wà kí wọ́n tó fi ìgò bò ó. Ọmọ ẹdun tó ṣì funfun báyìí, àyà ìyá rẹ̀ ló ń dì mọ́. Ìdí ọmú ló ń sùn sí."

"Gbogbo ìyá tí mo mọ̀ ló ń pọ̀n ọmọ."

"Àwa lẹ mọ̀. Ẹ ò mọ ẹdun."

Ojú ti Fadérera. Ẹ sáà wo ọgbọ́n wa. Wọ́n pọ̀n wá dàgbà, a wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń tọ́mọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n méje ló bá a yẹ ẹ̀rọ náà wò, kò sí ẹni tó bi ẹni tó ń gbálẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀.

"Apọnmọ, gbé e sí àyà rẹ."

"N kò ní àyà tó ń gbóná," ni ẹ̀rọ fèsì.

Irin lásán ni iwájú rẹ̀. Àtúnṣe yóò gba ọjọ́ mẹ́ta.

Fadérera tú ọmọ náà sílẹ̀. Ó fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà, orí rẹ̀ sì ń yẹ̀ sẹ́yìn. Lókè igi, lẹ́yìn ìgò, àwọn akọ mọ́kànlá jókòó, wọ́n ń wò ó.

"Tí mo bá bọ́ aṣọ yìí, Màmá, wọn ò ní gbà á mọ́."

"Tí ẹ ò bá bọ́ ọ, kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Fadérera bọ́ aṣọ náà dé ìbàdí, ó sì gbé ọmọ náà lé àyà rẹ̀. Ó pẹ́ tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ìka tín-ín-rín mẹ́rin di awọ ara rẹ̀ mú. Màmá Àwẹ̀ró ti òwú bọ wàrà, ó ń kán an sí i létè díẹ̀díẹ̀. Ètè náà mì. Ọmọ fa òwú. Fadérera sunkún, kò sì fi pamọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ìgò. Akọ tó dàgbà jù sọ̀ kalẹ̀ wá, ó gbóòórùn ọmọ náà, ó sín, ó sì kẹ̀yìn sí i. Ọmọ náà gan-an figbe ta, ó fi ojú pamọ́ sọ́rùn Fadérera. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Ká ní mo ti bi yín ṣáájú, Màmá," ni Fadérera wí. "Ká ní mo fún ẹ̀rọ yẹn láyà."

"Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Fadérera wo àwọn akọ mọ́kànlá tó ń wọgbó lọ.

Màmá Àwẹ̀ró tú ọ̀já ìdí rẹ̀. Ó fi gbá ọmọ náà mọ́ Fadérera láyà, ó sì so ó pinpin.

"Ó yá, fún ọmọ rẹ lóúnjẹ. Ebi ń pa á."