Ilé Kékeré Orí Àjà Iye Ẹ̀yínadé

Ojú ọjọ́ kò tíì là tán nígbà tí Tíṣà Joseph Akínwùmí jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Èrìò láti wọ bàtà oko. Ó wọ ọ̀kan. Èkejì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Christiana, ìyàwó rẹ̀, jáde tó bá a, ó fara ti ògiri bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ inú rédíò. Ó pè é, kò jẹ́. Ó fọwọ́ kàn án, bàtà ọwọ́ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó jẹun lálẹ́ àná, tó tún bu ọbẹ̀ sí i, ló di ẹni à ń fi aṣọ bò.

Kò ṣàìsàn, orí kò fọ́ ọ. Ohun tí ìlú mọ̀ nìyẹn, ohun tí ìlú mọ̀ náà sì ni ìlú ń sọ.

Ìgbà tí à ń ti Èkìtì lọ sí Àkúrẹ́ fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìjọba ni, tí a ṣì jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Lọ́dún náà, kòkó ilé Akínwùmí dúdú lórí igi kó tó pọ́n. Florence, ìyàwó Gbádégẹṣin tó jẹ́ àbúrò Tíṣà, lóyún, oyún náà sì wálẹ̀. Òwìwí kan wá sọ òrùlé wọn di ilé. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, á bà sókè yàrá Iye Ẹ̀yínadé, á máa yí ọrùn lọ, yí i bọ̀, bí ẹni tó ń ka àwọn ará ilé. Ìgbà tí Tíṣà wá kú, kò sẹ́ni tó tún bi ẹnìkejì léèrè ẹni tó ń ṣe é.

Iye Ẹ̀yínadé ni ẹ̀gbọ́n Tíṣà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò bímọ, ó sì ti padà wá gbé nílé bàbá rẹ̀. Ó ti darúgbó, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin tó bá gbó, tí kò bímọ, tó tún wá lọ dákẹ́, wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kó tó jí lówùúrọ̀.

Láti ọjọ́ ìsìnkú ni Olúbùnmi, àkọ́bí Tíṣà, kò ti lè wo ojú Iye. Òun mọ ohun tó wà lórí àjà yàrá ìyá àgbà náà, nítorí pé òun ló gbé e síbẹ̀.

Iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni Olúbùnmi ń kọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Sikọ́tíláǹdì ti gbà á pé kó wá kọ́ ìyókù lọ́dọ̀ àwọn. Ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó mú dání ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lórí ilé àwọn ènìyàn rẹ̀: kó wọ̀n ọ́n, kó yà á, kó sì fi páálí kọ́ ọ ní kékeré, kí àwọn lè rí bí a ṣe ń jókòó àti bí a ṣe ń sùn. Ìgbà tí òtútù wọn bá bẹ̀rẹ̀ ni wọn ó wọlé. Ẹni tí kò bá dé, wọn ó fàyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Tíṣà ti ra àpótí ńlá. Ó ti ra súwẹ́tà kan tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí Christiana fi ní àgùntàn tí wọ́n rẹ́ irun rẹ̀ á ti máa gbọ̀n níbi tó wà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́.

"A kì í kéde ìrìnàjò òkè òkun," ni Tíṣà wí. "Jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀ wọn ná. Lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé e, màá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, màá ní kí wọ́n bá mi yọ̀."

"Bí wọ́n bá bi ọ́," Christiana gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, "Ifẹ̀ lò ń padà sí. Má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu tó bá ń rín sí ọ, o ò mọ ohun tó ń jẹ."

Bí a ti í ṣe é nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló ti ń gbọ̀n nínú òtútù òyìnbó kí ẹbí wọn tó mọ̀ pé wọ́n kúrò nílé.

Ibo ni yóò wá kọ́ ilé kékeré náà sí tí àlejò kò ní rí i? Iye Ẹ̀yínadé ló ní kó gbé e wá sórí àjà òun, níbi tí àgbàdo ọdún tó kọjá wà. "Gbé e wá," ó ní. "Ẹnu mi kì í ṣe agogo."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà, Olúbùnmi àti Iye á gbé fìtílà gòkè. Olúbùnmi wọn ilẹ̀kùn, ó wọn fèrèsé, ó wọn pèpéle. Lẹ́yìn náà ló wọn ènìyàn, nítorí ara ènìyàn ni wọ́n fi ń mọ bí ilé ṣe yẹ kó tó. Ó wọn Iye níjòkòó. Bàbá rẹ̀ pàápàá dùbúlẹ̀ sórí ẹní fún un.

"Wọ̀n mí dáadáa o," Tíṣà ń rẹ́rìn-ín, "kí àwọn òyìnbó má baà sọ pé aràrá ló bí ọ."

Nígbà tí ilé náà fẹ́ẹ̀ parí, Iye wò ó, ó mi orí. "Ulé yìí dára, ṣùgbọ́n ó dá páropáro. Ulé tí ò sẹ́nìkan nínú rẹ̀, ahoro mà ni."

Olúbùnmi bá fi igi ìṣáná ṣe ènìyàn, ó fi ọ̀rá àbẹ́là ṣe orí fún wọn. Gbogbo ará ilé ló ṣe, ó pé wọn pérépéré. Iye ló wọ wọ́n láṣọ. Àkísà ẹ̀wù oko Tíṣà ló ro mọ́ èyí tó jẹ́ Tíṣà. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Iye. Àwọn tó ń kọjá níta kò gbọ́ ẹ̀rín. Iná ni wọ́n rí lórí àjà, àti òjìji kan tó ga, tó tẹ̀ ba sórí nǹkan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Florence kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìyáálé mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó tó pa mí. Àjẹ́ ké lánàá—"

"Má wulẹ̀ parí rẹ̀," Christiana dá a dúró. "Mo ti gbọ́ òwe yẹn kí wọ́n tó bí ọ."

"Ẹ gbọ́ ọ, ẹ ò fi ṣe nǹkan kan. Oyún mi wálẹ̀, ẹ ní ibà ni. Kòkó dúdú, ẹ ní òjò ló pọ̀ jù. Ọkọ yín wá jókòó, kò dìde mọ́. Àbí òjò ló tún pa òun náà?"

"Mi ò mọ̀, Florence."

"Ẹni tó ń gbé iná gorí àjà nírọ̀lẹ́ mọ̀."

Olúbùnmi tó ń bó iṣu nítòsí, ọ̀bẹ dúró sójú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Florence ti lọ tán, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Màámi, èmi ni mò ń gbé iná gorí àjà. Ẹ jẹ́ n sọ fún wọn."

Ìyá rẹ̀ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. "Sọ kí ni? Ẹnìkan gbọ́ nípa ìrìnàjò yìí ni bàbá rẹ fi kú, o tún fẹ́ kí ìyókù gbọ́? Wọ́n ti pa á. Wọn ò ní pa ọ́ mọ́ ọn."

"Ta ni wọ́n, Màámi?"

"Bí mo bá mọ̀ wọ́n, ṣé mo máa bẹ̀rù wọn báyìí?"

Gbádégẹṣin ránṣẹ́ sí Wòlíì Pius, tó ní ilé àdúrà lójú ọ̀nà Arámọkọ. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dé pẹ̀lú agogo lọ́wọ́. Florence ló gbé omi fún un ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kò sì jẹ́ kó tètè mu ún tán. Nígbà tó jáde, ó gbàdúrà, ó yí ilé po, ó dúró lẹ́nu yàrá Iye, ó gbé ojú sókè.

"Mo rí ilé kan nínú ilé yìí," ó wí. "Ẹ gun òkè."

Gbádégẹṣin gun òkè. Ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó gbé nǹkan ńlá kan mọ́yà. Ó gbé e kalẹ̀ láàrin àgbàlá, igbe ta. Ilé wọn ni. Òrùlé wọn ni, pèpéle wọn ni, títí dé ibi tí ògiri ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn fúnra wọn ló wà nínú rẹ̀, ní kékeré, ní ìdúró. Florence rí ara rẹ̀, ó figbe bọnu, ó di ikùn mú. Ẹnìkan ṣoṣo ni kò dúró. Ó nà gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀wù oko Tíṣà lọ́rùn rẹ̀, aṣọ dúdú bò ó dé ojú.

Olúbùnmi kọ́ ló tẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó yíjú sí Iye.

"Ẹ̀gbọ́n, kí nìyí?" Gbádégẹṣin béèrè.

"Ulé ni."

"Ulé ta ni?"

Ojú Iye rìn yí gbogbo wọn ká. Ó dé ara Olúbùnmi, ó kọjá bí ẹni pé kò mọ̀ ọ́n rí. "Ulé wa ni."

"Ta ló tẹ́ Joseph sílẹ̀?"

"Èmi ni mo tẹ́ ẹ. Nígbà tí wọ́n sin ín tán, mi ò lè máa rí i ní ìdúró níbẹ̀ mọ́."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Wòlíì na agogo sókè. "Ẹ gbọ́ o, ó ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́!"

Wọ́n ya bo Iye. Ẹnìkan fa gèlè rẹ̀ tu, ẹlòmíràn tì í, orúnkún rẹ̀ gbá ilẹ̀. Wọ́n ní kó kúrò ní Èrìò kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, kó máa bá àwọn ẹyẹ rẹ̀ lọ sígbó. Christiana di ọrùn ọwọ́ Olúbùnmi mú, ó fún un pinpin. Olúbùnmi mọ ohun tí ọwọ́ náà ń sọ: dákẹ́, òtútù àwọn òyìnbó kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, dákẹ́, wàá sì lọ.

"Èmi ni mo kọ́ ọ!" ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ fi Iye sílẹ̀! Iṣẹ́ ilé-ìwé mi ni. Mo fẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun ni!"

Àwọn tó yí Iye ká yíjú sí i.

"Òkè òkun?" Gbádégẹṣin wò ó, ó wo Christiana. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń lọ sókè òkun, èmi ò gbọ́? Ẹ̀ ń sá fún mi ni?"

Wòlíì Pius rọra sún mọ́ Olúbùnmi. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Ọmọ mi, báwo lo ṣe mọ bí bàbá rẹ ti gùn tó?"

"Téèpù ni mo fi wọ̀n ọ́n, sà. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, mo wá—"

Ó gbọ́ ohun tó sọ, ṣùgbọ́n ó ti jáde. Nílùú wa, ẹnìkan ṣoṣo ló ń wọn ènìyàn ní ìdùbúlẹ̀: káfíńtà tó fẹ́ kan pósí.

Ọwọ́ Christiana tú kúrò lára rẹ̀.

"O wọn bàbá rẹ ní ìdùbúlẹ̀?"

"Màámi, iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tí mò ń—"

"O wọn ọkọ mi láàyè, bí òkú?"

Wòlíì ní ọ̀rọ̀ ti yé òun. Ó ní àgbà ló fún ọmọ ní àjẹ́ jẹ, ọmọ kò sì mọ̀ pé òun ti jẹ ẹ́. Bí ọmọ náà bá bọ́ sínú ọkọ̀ òfuurufú, ara Iye ni ohun náà yóò padà sí, kí ìlú yáa lé Iye. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá tẹ̀lé òun lọ sílé àdúrà títí ohun náà fi máa jáde, Iye lè máa gbé inú yàrá rẹ̀.

"O ti gbọ́," Gbádégẹṣin wí. "Ẹnu rẹ la wà."

"Má dá wọn lóhùn!" Iye ń pariwo látilẹ̀ tó wà, ẹni tí kì í pariwo. "Máa bá tìrẹ lọ, ọmọ mi! Èmi ti jẹ tèmi láyé!"

Olúbùnmi wo orúnkún rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. "Màá tẹ̀lé yín, Wòlíì. Ẹ jẹ́ kí Iye wọlé."

Wọ́n sun ilé kékeré náà níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àwòrán rẹ̀. Páálí ni. Kò pẹ́ jó tán.

Nílé àdúrà, Olúbùnmi ń gbààwẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń mu omi tí wọ́n gbàdúrà sí. Òjò dá. Ọyẹ́ dé. Lórí ìkúnlẹ̀ ni ọjọ́ ìwọlé àwọn ará Sikọ́tíláǹdì bá a, tó sì kọjá lórí rẹ̀. Christiana máa ń wá kí i, ṣùgbọ́n ó máa ń fi àga méjì sáàrin àwọn kó tó jókòó.

Lọ́jọ́ kan, ó mú àlejò wá, Nọ́ọ̀sì Janet láti Ìjerò. Àkúrẹ́ ni nọ́ọ̀sì náà wà nígbà tí Tíṣà kú, wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ síbẹ̀. Ìgbà tó padà ló gbọ́, tó wá bá wọn kẹ́dùn.

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Olúbùnmi," ó wí. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Ó ga débi tí ẹ̀rù fi bà mí. Mo ní kó fi oko sílẹ̀, kó mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, 'Jẹ́ kí ọmọ mi lọ ná. Tó bá gbọ́ pé ara mi ò yá, kò ní lọ.' Mo bi í pé níbo lọmọ ń lọ. Ẹ̀rín ló rín sí mi."

Olúbùnmi wo ìyá rẹ̀. Christiana sunkún, ó sunkún títí tí ìborùn rẹ̀ fi rin gbingbin. Lẹ́yìn náà ló nu ojú.

"Mo gbọ́, Nọ́ọ̀sì. Olúwa yóò san án fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀hún, ta ló rán an sí i?"

"Màmá, kò sẹ́ni tó rán an. Ó máa ń ṣe ènìyàn ni."

"Ó máa ń ṣe ènìyàn. Kí ló wá dé tó fi dúró di ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n?"

Nọ́ọ̀sì Janet yíjú sí Olúbùnmi. "Dìde, ká lọ. Èmi náà nílé ní Ìjerò."

"Bí mo bá lọ, Nọ́ọ̀sì," Olúbùnmi dá a lóhùn wẹ́rẹ́, "ọ̀dọ̀ Iye ni wọ́n máa padà sí."

Agogo àdúrà lù. Christiana dìde, ó so gèlè rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò gbẹ́sẹ̀. Ó dúró títí Olúbùnmi fi kọjá síwájú rẹ̀, nítorí kò lè jẹ́ kí ọmọ tó bí rìn lẹ́yìn òun mọ́.